Ìbọn Inú Páálí àti Irin Bàbá Mi

Ọdún tí yìnyín bo gbogbo Dallas, tí iná lọ, tí omi sì dì nínú páìpù, ni mo fi ń ka ọdún tí mo wá bá ọmọ mi ọkùnrin tọ́mọ ní Wylie, ìlú kan nítòsí Dallas. Nígbà tí yìnyín yẹn yọ́ tán tí oòrùn padà, gáréèjì ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ilé àrọ bàbá mi. Òórùn epo ni, pẹ̀lú òórùn irin tútù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fa òórùn náà símú, ọkàn mi sì padà sí ìlú wa, níbi tí bàbá mi ti ń rọ ìbọn fún àwọn ọdẹ. Èmi ni mo máa ń fín ẹwìrì fún un nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi wà nílé ìwé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi yìí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní oko, ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ sì ń hú oko náà, ó wá ní kó máa wá bá òun dọdẹ. Ló bá lọ ra ìbọn tí wọ́n tú sí wẹ́wẹ́ sínú páálí, tí ẹni tó rà á yóò tò fúnra rẹ̀. Sátidé mẹ́ta ló fi tò ó. Mo jókòó tì í lórí àga ike, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án, torí físà àlejò ni mo fi wọlé, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé òfin ò fẹ́ kí irú wa mú ìbọn lọ́wọ́. Bó ti ń ṣe é ló ń ṣàlàyé: nínú gbogbo irin yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni òfin pè ní ìbọn, òun ni wọ́n fín nọ́ńbà sí lára, ṣọ́ọ̀bù ló sì ti gbà á lẹ́yìn tí wọ́n yẹ orúkọ rẹ̀ wò. Irin lásán ni ìyókù. Ó wọn ọ̀pá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní tó bá kúrú ju bí òfin ṣe fẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ni. Kò bá bàbá mi láyé, àmọ́ bó ti ń gbé ojú sún mọ́ irin, tó ń ṣu ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan, bàbá mi náà ni. Inú mi dùn gan-an.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń kàwé níbẹ̀, tó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní gbogbo Sátidé; bàbá rẹ̀ àti ọkọ mi tó ti kú jẹ́ ọ̀rẹ́. Ó rí ìbọn náà, ojú rẹ̀ sì ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ra ọ̀kan, kí ẹ bá mi tò ó. Ẹ̀yin ní gíríìnì káàdì, àmọ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ní ò jẹ́ kí wọ́n tà á fún mi."

Ọmọ mi ní kò burú, àwọn máa lọ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wá, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá ẹni, àbúrò ẹni ni. Ta ni yóò kọ̀ fún un? Bẹ́ẹ̀, oṣù yẹn gan-an ni ìjọba pe ọmọ mi pé kó wá búra di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tó ti ń wá láti ọdún mọ́kànlá.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó ní fọ́ọ̀mù ni.

"Kà á fún mi."

"Màmá, òyìnbó ni o."

"Ṣé èmi ni mo ní kó jẹ́ òyìnbó? Kà á ní Yorùbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí i lórí fóònù, ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Orúkọ. Àdírẹ́sì. Nígbà tó yá, ó kan ibi tí wọ́n ti ń bèèrè pé, ṣé ìwọ gan-an lo ń ra ìbọn yìí fún ara rẹ? Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Kí lo fẹ́ dáhùn?"

Ó tún ìlà náà kà. Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún un rí. Bàbá mi kì í gbé ìbọn fún ẹnikẹ́ni, àfi tí ẹni náà bá kọ́kọ́ fẹnu kan irin, tó ní, "Tèmi ni, èmi náà ni n ó yìn ín." Ìjòyè kan rán ìránṣẹ́ wá gba ìbọn rí. Bàbá mi ní kí ìjòyè gbé ẹnu ara rẹ̀ wá.

"Fọ́ọ̀mù yìí ni irin tiyín níbí," mo ní. "Tí o bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí o wá gbé e fún ẹlòmíràn, ṣé ẹnu tó purọ́ yẹn náà lo máa fi búra?"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Màmá ti di lọ́yà," ó ní.

"Lọ́yà tí kò mọ á-bí-dí. Jẹ oúnjẹ ẹ, ó ń tutù."

Ó jẹun díẹ̀ sí i, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Ọmọ mi ṣì pe lọ́yà gidi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyẹn ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lábẹ́ òfin ni ká parọ́ sórí ìwé yẹn, pé àwọn méjèèjì ni ì bá kó sí wàhálà, ìbúra tó ń bọ̀ náà ì bá sì bá a lọ. Lọ́yà náà bi í pé ta ló dá a dúró. Mo wà ní kíṣìnnì, mo gbọ́ nígbà tó ní, "Màmá mi ni." Mo rọra fi ìdérí bo ìkòkò, kí n má bàa pàdánù ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ tó búra, gbọ̀ngàn náà kún. Kó tó la ẹnu, ó wẹ̀yìn, ó wá ojú mi kàn láàárín èrò. Mo mi orí sí i. Ohùn rẹ̀ ò wálẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà ni mo kó àwọn ọmọ mi tó kù jọ sórí fóònù. Mo ní, ìwé yòówù tí wọ́n bá gbé fún yín, ẹ kọ́kọ́ kà á sókè ní Yorùbá fún ẹni tó lè gbọ́ yín. Ibi tí ohùn yín bá ti wálẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i.