Mummy Ò Gba Actor Tuntun

Mummy mi lé fíìmù jáde nílé lónìí o!

Mo ra CD tuntun ti actor tó máa ń fò yẹn ní Kẹ́tú. Ìtàn àtijọ́ náà ni wọ́n tún ṣe, ìjà ẹ̀ tiẹ̀ dùn ju tàtijọ́ lọ. Bó ṣe ṣí ìbòjú báyìí, Mummy pòṣé.

"Ta nìyí? Èyí kọ́ ni actor wa!"

"Mummy, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ni."

"Ta ló rán wọn?"

Inú ti fẹ́ bí mi. Ni wọ́n bá rọra sọ pé, "Nígbà tí Daddy yín wà, gbogbo ẹ̀ ló máa ń yé mi."

Kí Daddy tó kú, àwọn ló máa ń túmọ̀ òyìnbó inú ẹ̀ fún Mummy.

Mo yọ CD náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tuntun yìí dáa, ẹ jọ̀ọ́, ta ló jókòó tì yín?