Ìró Tó Lé Bàbá Ṣójà Lọ

Mo kéré gan-an nígbà tí bàbá mi gba oko ní Bọ́lọ́rundúró, ẹ̀yin ọmọ mi. Tí ẹ bá rí i pé ara mi kì í balẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga ládùúgbò, ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú. Oko yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ kòkó, ọmọ Kétu ni, lápá ọ̀dọ̀ àwọn Faransé. Bàbá Ṣójà là ń pè é. Kò sí iṣẹ́ àdá tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan ọkọ́. Àwọn lébìrà yòókù a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ni.

Ọjọ́ kan tí a ń fọ́ kòkó ló sọ ìdí rẹ̀ fún bàbá mi. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń yọ hóró kòkó sínú agbọ̀n, mo sì tẹ́tí sílẹ̀. Àwọn Faransé ló kó o lọ jagun ní Fiẹtnám, kí àwọn onílẹ̀ má bàa gba òmìnira. Orí òkè ni wọ́n fi wọ́n sí. Àwọn onílẹ̀ yẹn ò sáré wá bá wọn. Ṣe ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi dé abẹ́ òkè náà.

"Ọ̀gá, a ń gbọ́ wọn lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Gbì, gbì, gbì. Tí ìró yẹn bá ṣì ń dún, ọkàn wa á balẹ̀. Ìgbà tó dákẹ́ ni ẹ̀rù bà wá."

Àṣé ẹ̀tù ni wọ́n ń kó sínú ihò náà nígbà tí ìró dákẹ́. Ilẹ̀ bú gbàù, ó sì gbé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ́gun Faransé pátápátá. Ó ní ìdí tí òun fi sá wá sínú igbó kòkó nìyẹn, kí òun lè rí oorun sùn.

Bàbá mi ní, "Fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbẹ́lẹ̀ bá ọ níbí."

Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn àgbà ti lọ sóko, ibà ń ṣe Bàbá Ṣójà, ó wà nílé. Mo gbé ọmọ odó lọ sẹ́yìn yàrá rẹ̀, mo ń gún ilẹ̀: gbì, gbì, gbì. Àwọn ẹgbẹ́ mi fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ pa wá. Mo bá dáwọ́ dúró.

Yéè! Ọkùnrin yẹn já jáde. Kò sá lọ o. Inú ilé wa ló wọ̀, ó gbé àbúrò mi jòjòló lórí ẹní, ó fi àyà bò ó, ó ń ké pe àwa tó kù: "Ẹ sá! Ẹ jáde níbẹ̀!" Ẹ̀rín là ń rín. Ìgbà tó yí sẹ́yìn ilé ló rí ọmọ odó lọ́wọ́ mi.

Kò nà mí. Ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Àṣé ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n gbẹ́."

Kí bàbá mi tó toko dé, ó ti lọ. Bàbá mi wá a dé gáréèjì Oǹdó, kò rí i. Títí bàbá mi fi kú, ó ń bi ara rẹ̀ pé kí lòun fi ṣẹ ọkùnrin yẹn. Mo mọ ìdí, mo panu mọ́. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ayé ti yí padà. Kànga tí wọ́n ń fi ọkọ́ àti dígà gbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà yẹn, ọjọ́ kan ni ẹ̀rọ fi ń gbẹ́ ẹ ní Ọ̀bà-Ilé tí mò ń gbé báyìí. Ọmọ mi rò pé ariwo ẹ̀rọ ni mi ò fẹ́. Ariwo ò ṣe mí ní nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ kan ṣàdédé dákẹ́. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbé ọmọ-ọmọ mi dé títì, láìwọ bàtà. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn wí.