Orí Ẹ̀rọ Yágánà

Ogun ló lé Yágánà kúrò ní Bornó. Nígbà tó dé Agége, ọkọ rẹ̀ kò sí láyé mọ́, ọmọbìnrin kan ló kù tó fà lọ́wọ́. Ohun tó ń wá kò ju pé kí òun má ṣe tọrọ jẹ mọ́. Àjọ aṣèrànwọ́ kan ní Ìkẹjà ní àwọn kò fẹ́ máa pín ìrẹsì títí ayé, àwọn fẹ́ kí àwọn tí ogun lé lè dá bọ́ ara wọn. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ Ìyá Tẹjú, aránṣọ ará Ìjẹ̀bú kan ládùúgbò wa, kó kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Àjọ ló sanwó ìkọ́ṣẹ́.

Ìyá Tẹjú kọ́ ọ dáadáa, ká má purọ́. Ó kọ́ ọ ní Yorùbá pẹ̀lú. Gbogbo wa ń pè é ní Ìyá Tẹjú. Yágánà nìkan ló ń pè é ní Màmá. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, Fọlábí tó ń ṣojú àjọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun wá, ó ya Yágánà ní fọ́tò níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bá a gba ìsọ̀ kékeré. Yágánà so àjákù aṣọ pupa mọ́ ọrùn ẹ̀rọ náà, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń so ó mọ́ ọrùn ewúrẹ́ kó má baà sọnù.

Ohun kan ló kù. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọṣẹ́ bá parí iṣẹ́, yóò kúnlẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ aránṣọ, ọ̀gá yóò fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, yóò sì gbàdúrà fún un. Ẹni tí wọn kò bá gbàdúrà fún kò gbọdọ̀ ṣí ìsọ̀. Fọlábí kò mọ èyí. Ìwé ẹ̀rí ló mọ̀. Ẹnu oníbàárà ni Yágánà ti gbọ́.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ò tíì gbàdúrà fún mi."

"Ta ló ń dẹ́rù bà ọ́? Ṣí ìsọ̀ ẹ jàre. Màá bá alága ẹgbẹ́ sọ ọ́. Ṣé ìwọ kì í ṣe ọmọ mi ni?"

Ó ṣí i. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà Ìyá Tẹjú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀, nítorí Yágánà kì í yẹ àdéhùn. Lọ́jọ́ kan, Alhaji Àbdùlgàfár, alága ẹgbẹ́ aránṣọ, kó èèyàn dé. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ti ìsọ̀, orí ẹ̀rọ, ibi tí abẹ́rẹ́ wà, ni wọ́n ń tú lọ. Yágánà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró, ó sáré lọ pe Màmá rẹ̀ wá.

Alága bi í pé: "Ìyá Tẹjú, ṣé ọmọṣẹ́ yín nìyí?"

Ìyá Tẹjú ń wolẹ̀. "Àjọ ló mú un wá, Alhaji. Mo fi ẹ̀rọ hàn án. Mi ò gbàdúrà fún un rí."

Ọ̀kan nínú àwọn tó bá alága wá rẹ́rìn-ín. "Èmi náà fi bàálù han ọmọ mi n'Íkẹjà. Kò tíì máa wà á."

Wọ́n tú orí ẹ̀rọ. Yágánà kò sunkún. Ojú Ìyá Tẹjú ló ń wò, bí ẹni tó ń retí kí ìyẹn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Tẹjú ti ń lọ.

Yágánà wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àjọ. Fọlábí ti kúrò níbẹ̀, ètò náà sì ti parí. Fọ́tò Yágánà wà lára ògiri. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti dá dúró. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú wo fọ́tò, ó wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin mà nìyí, mà. Ẹ kú oríire."

Alága ránṣẹ́ sí Yágánà pé bí ọ̀gá rẹ̀ bá gbàdúrà fún un, yóò gba orí ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ìyá Tẹjú ní kó kọ́kọ́ wá sin òun fún ọdún méjì. Yágánà kò lọ. Fìlà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe ní Bornó ló padà sí, nítorí ẹgbẹ́ kò lófin lórí abẹ́rẹ́ ọwọ́. Òun àti ọmọ rẹ̀ ń jẹun níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ti ń dùn ún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Yágánà jọ kọjá níwájú ìsọ̀ Ìyá Tẹjú. Ẹ̀rọ ń dún. Àjákù pupa wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ní kí Ìyá Tẹjú bá àwọn tọ́jú rẹ̀.

Yágánà dúró, ó tẹ́tí sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Tẹjú," ló wí. "Ẹ rọ epo sí i. Ó ń ké."

Ó gbé fìlà rẹ̀, ó ń bá tiẹ̀ lọ.