Onígbàjámọ̀ Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Ń Gbọ̀n

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀ o.

Ẹ dáhùn bí ẹni tó jẹun. Ààlọ́ o.

Ààlọ̀ o.

Ààlọ́ mi yìí gba iwájú ilé ọba kọjá, kò yà síbẹ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé Ìjàpá, kò kí i. Ìdí àga onígbàjámọ̀ ló lọ jókòó sí.

Ọkùnrin kan wà tó mọ orí í fá bí ẹja ṣe mọ odò í wẹ̀. Òun àti ọtí kọ́kọ́ ń ṣọ̀rẹ́, nígbà tó yá, ọtí di ọ̀gá rẹ̀. Tó bá jí láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, àfi tó bá mu ife kan kó tó rọlẹ̀. Ife kan á pe èkejì, èkejì á ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fá oníbàárà kan dé ìdajì orí, tí oorun sì gbé e lọ, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní kó máa lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó gbé ọmọ wọn, ó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ọwọ́ yẹn bá rí iṣẹ́ gidi ṣe ni kó tó wá bá òun sọ̀rọ̀. Àwọn ará àdúgbò sọ ọkùnrin náà ní Ọwọ́-Ń-Jó. Orúkọ náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò rí ibi tó ti lè jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbà á sílé. Yàrá tó ń kó àwọn àga tí ẹsẹ̀ wọn ti kán ku mẹ́ta sí ló fún un. Ó ní, "Àwọn náà ń wá iṣẹ́. Ẹ jọ máa wá a."

Ẹ̀gbọ́n yìí ló fà á lọ sí ilé kan tí wọ́n ti ń ran àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń bá wọn wá iṣẹ́. Àǹtí Oníṣẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń darí ibẹ̀. Lára àwọn tó bá níbẹ̀ ni awakọ̀ kan tí wọ́n ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, akunlé kan tó ti já bọ́ láti orí àkàbà, àti aránṣọ kan, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n á jókòó yípo, wọ́n á mu omi, kálukú á sọ bí ọjọ́ ṣe lọ sí.

Nígbà tó ti pẹ́ díẹ̀ tí ọtí kò kan ẹnu rẹ̀, Àǹtí Oníṣẹ́ bá a rí àyè ní ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ onígbàjámọ̀. Bàbá yìí ní òfin tirẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ bá òun ṣiṣẹ́, orí òun ni yóò kọ́kọ́ fi abẹ fá. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá yọ, àga di tirẹ̀. Tó bá yọ, ó dàbọ̀.

Ọwọ́ sì ṣì ń gbọ̀n. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó fi orí àwọn dánra wò.

Akunlé kọ́kọ́ jókòó. "Mo ti já lórí àkàbà. Kí ni abẹ fẹ́ ṣe fún mi?"

Awakọ̀ ṣí fìlà. "Kí lorí mi ń rò láti ọjọ́ yìí? Máa fá a."

Wọ́n wo aránṣọ. Ó ní, "Ẹ má wojú mi. Màá máa fàdúrà ràn yín lọ́wọ́."

Ó fá gbogbo wọn àfi aránṣọ, ó ge wọn níbí, ó ge wọn lọ́hùn-ún, ó fi bébà pélébé lẹ ojú ibi tó ge. Kò sẹ́ni tó rántí pé lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá iléeṣẹ́ kan fẹ́ yẹ àwọn gan-an wò fún iṣẹ́. Ọ̀gá náà wo orí dídán tó tò síwájú rẹ̀, tòun ti bébà lára.

"Ẹ̀sìn wo lèyí?"

"Kì í ṣe ẹ̀sìn, sà," Àǹtí Oníṣẹ́ dáhùn. "Wọ́n ń ran ẹnì kan lọ́wọ́ ni."

"Ẹni náà ńkọ́?"

"Òun ló fá wọn."

Ọ̀gá gba awakọ̀. Ó ní kó máa dé fìlà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Bàbá jókòó, Ọwọ́-Ń-Jó fi ọṣẹ pa á lórí, bàbá di ojú nítorí ọṣẹ. Ọkùnrin náà mú abẹ, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ ijó. Ìgò sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu abẹ wà níwájú dígí. Òórùn rẹ̀ ń pè é bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan péré, ọwọ́ á dúró, kò sì sẹ́ni tó máa rí i.

Ó gbé abẹ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú ìgò yìí dání."

"Kí n fi ṣe kí ni?"

"Tó bá wà níwájú mi, mo lè mu ún."

Bàbá la ojú kan. "Sípíríìtì?"

"Ẹ ò mọ̀ mí ni, sà."

Bàbá gba ìgò, ó tì í sábẹ́ aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, ó gbé e sítan bí ọmọ tuntun. "Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tí ẹ bá ní sùúrù, á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Ṣé á pẹ́?"

"Mi ò mọ̀, sà. N kò dúró dè é rí lẹ́nu iṣẹ́."

Bàbá bá sùn. Ọṣẹ gbẹ lórí rẹ̀, ọkùnrin náà tún òmíràn pa, ìyẹn náà gbẹ. Nígbà tó yá, ọwọ́ dákẹ́ bí ọmọ tó sunkún títí tí kò rẹ́ni gbé e. Ìgbà yẹn ló tó fá orí náà.

Bàbá jí, ó fọwọ́ pa orí yí ká, ó wo ìka. Kò sí ẹ̀jẹ̀.

"Ẹni tó wá ṣáájú rẹ, ọwọ́ tirẹ̀ kò gbọ̀n rárá," ó ní. Ó wá yí etí síta kí ọkùnrin náà rí àpá tó wà níbẹ̀. "Ó ti mu tirẹ̀ kó tó dé."

Bí àga ṣe di tirẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ àpò bàbá ni ìgò ń gbé. Tó bá fẹ́ nu abẹ, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ bá mi ta díẹ̀ sí i." Àwọn oníbàárà rò pé ẹ̀kọ́ ilé ló pọ̀ lára rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ń wò, kò wojú. Lẹ́yìn náà ló gbé ọmọ wọn jókòó sórí àga.

Ọkùnrin náà ní, "Ṣé kí n fá a?"

"Ṣé ẹja la wá rà ni?"

Ó tán. Ẹ fọ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó gorí ẹní. Ìwọ tó ń fọwọ́ pa orí lọ́hùn-ún, irun rẹ kò tíì kún, lọ sùn.