Akọ Màlúù Pétérù

Kọ́lájọ ará Abereke ní abo màlúù kan tí kò bímọ rí.

Màlúù kúkúrú ni, irú èyí tí àwọn bàbá wọn ti ń sìn létí omi. Ọwọ́ Pétérù àbúrò rẹ̀ ló ti rà á ní Ode Ugbo. Kò wo ẹwà rẹ̀ rà á, ìyá rẹ̀ ló wò: ọdún kan kì í gorí ọdún kí ìyá náà má bí. Gbogbo ẹni tó bá kọjá níwájú agbo Pétérù a máa kí i pé, “Pétérù ẹlẹ́ran!” Ẹnìkan kì í kí Kọ́lájọ bẹ́ẹ̀, òun tó jẹ́ àkọ́bí. Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí eegun ẹja.

Ó rò pé bí òun bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ìyá yẹn nílé, ó ti parí. Ó ra akọ kan sí i, gìrìwò, tó ń dán bí ẹni fi epo pa á. Kò jẹ́ kí akọ ẹlòmíràn sún mọ́ abo náà, kí ẹnikẹ́ni má baà bá òun pín nínú ọmọ tó bá bí. Akọ ń gùn, abo ò lóyún.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnì rẹ̀ lọ bá Pétérù. Bó ti gúnlẹ̀, ìyá màlúù yẹn ló kọ́kọ́ rí, tí ọmọ tuntun ń mu ọmú lábẹ́ rẹ̀. Ó dà bíi pé ọwọ́ òun ni wọ́n ti já a gbà.

Hánà, ìyàwó Pétérù, gbé púpurù àti ẹja síwájú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ o.”

“N kò wá jẹun. Pétérù, àgàn lo tà fún mi.”

“Àgàn kẹ̀?” Pétérù nawọ́ sí màlúù kan tó ní àmì funfun níwájú orí. “Ẹ wo ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá tirẹ̀ bí kó tó kú, òun sì ti bí léraléra. Ẹ̀gbọ́n, díẹ̀ lọmọ ń jogún nínú ọ̀rọ̀ ìbímọ. Ìyókù, koríko ni, àti omi tí kò níyọ̀.”

“Koríko tèmi náà tutù.”

“Omi yín ńkọ́?”

Omi òkun ti wọ Abereke, gbogbo kànga àti abàtà ibẹ̀ ló níyọ̀. Omi iyọ̀ yẹn ni Kọ́lájọ ń pọn fún màlúù rẹ̀.

“Akọ yín yẹn náà ńkọ́?” Hánà já lu ọ̀rọ̀. “Mo rí i lọ́jọ́ tí mo wá kí Moríkẹ́ ìyàwó yín. Ara erin, kórópọ̀n ológbò!”

“Hánà!” Ṣùgbọ́n Pétérù náà ń rẹ́rìn-ín. “Òótọ́ ni ṣá, Ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn gan-an lọmọ ń jogún jù. Akọ tí abẹ́ rẹ̀ bá kún, ọmọkùnrin rẹ̀ á kún, ọmọbìnrin rẹ̀ á sì tètè gba akọ. Ẹ mú tèmi lọ, kó wà lọ́dọ̀ yín títí abo yín á fi lóyún. N kò gba kọ́bọ̀.”

Kọ́lájọ wo akọ náà. Kúkúrú ni, ara rẹ̀ ò dán, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ó dà bí ẹni so àgbọn méjì mọ́ ọn lábẹ́.

“Bó bá wá bí, kí ni wọ́n á wí ní Abereke?”

“Wọ́n á ní ó bí.”

“Wọ́n á ní akọ Pétérù ló fún un lóyún.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé òun kọ́ ló máa fún un ni?”

Hánà ti tú okùn akọ náà lára òpó, ó nà án sí i. Kọ́lájọ wo okùn náà. Ọmọ tuntun yẹn ṣì ń mu ọmú. Kọ́lájọ ti àwo púpurù sẹ́yìn, ó dìde, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀, òun nìkan.