Ìlà Àbẹ̀ní Nínú Ìṣirò Ayọ̀nitèmi

Ọmọ Ilé-Ogbó ni Àbẹ̀ní, ṣùgbọ́n agbo ilé wa ní Ìwó ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó dé pẹ̀lú àpò aṣọ kan ṣoṣo, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ gàrí lọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò ọkọ mi. A kò bi í pé kí ló gbé e kúrò nílé. Ọmọ tó ń gbálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rán an, tó ń pọnmi kún ìkòkò kí àwọn onílé tó jí, ta ni yóò máa wádìí rẹ̀? Òun àti Àgbékẹ́, ọmọ mi obìnrin, ni wọ́n jọ ń ṣe ọ̀rẹ́. Nígbà tí Àgbékẹ́ bí Ayọ̀nitèmi, tí kò sì dìde nílẹ̀ ìkúnlẹ̀ náà mọ́, Àbẹ̀ní ló gbé ọmọ pọ̀n. Odindi ọdún méjì ni. Bí mo bá ní kó gbé e wá kó sinmi díẹ̀, á ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ó wà lẹ́yìn mi." Mo rò pé nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú ni.

Lẹ́yìn náà ni Ògúntóyè wá fẹ́ ẹ, àgbẹ̀ ará Olúpọ̀nnà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó fi ọmọkùnrin kékeré kan sílẹ̀, Níyì. Àbẹ̀ní tọ́ Níyì bí ẹni pé inú rẹ̀ ló ti jáde. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ fún Ògúntóyè. Wọ́n lọ síhìn-ín, wọ́n lọ sọ́hùn-ún, títí ó fi sú wọn. Ìyá Níyì ni gbogbo Olúpọ̀nnà ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ayọ̀nitèmi ní tirẹ̀, iye nǹkan ló ń dùn mọ́ ọn láti kékeré. Bí mo bá kó àwọn ọmọ ilé jọ lábẹ́ òṣùpá tí mo ní ọdẹ kan wà tó ní ajá, àwọn ọmọ yòókù á ti máa retí orin, òun á ní, "Màmá, ajá mélòó?" Kò yà mí lẹ́nu nígbà tó wọ yunifásítì tó ní ìṣirò lòun fẹ́ kọ́. Ọdún kan náà ni òun àti Níyì wọlé, kíláàsì kan náà ni wọ́n sì wà.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n parí, olùkọ́ wọn ní kí kálukú wá ohun tó máa kà, kó sì fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀. Níyì lọ ń ka àpò àgbàdo tí oko kọ̀ọ̀kan mú jáde. Ayọ̀nitèmi ní ti òun, àwọn ọmọ tó kú kí wọ́n tó pé ogójì ọjọ́ láyé ni, pé ọjọ́ mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lò. Mo ní, "Ayọ̀, ta lo máa bi ní iye ọmọ tó sin?" Ó ní nítorí pé kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n ni kò ṣe sẹ́ni tó mọ̀, òun ni kò sì ṣe sẹ́ni tó rán nọ́ọ̀sì sí wọn.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ sí Olúpọ̀nnà, àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ lójúlé Ògúntóyè kò dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn, Ràódàt, tí kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, ní ṣé ewúrẹ́ ti tán nílùú ni tí ọmọ yunifásítì fi ń wá ọmọ ọlọ́mọ kà. Nígbà tó dé tó sọ fún mi, mo tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ kejì. Mo mú ọ̀bẹ, mo bá wọn bó ẹ̀gẹ́, mo sì sọ tèmi kó tó kan tiwọn: ọmọ mẹ́ta ni mo sin. Mo wá ní, "Ohun tí ẹ bá sọ, inú ìwé ọmọ yìí ló máa parí sí. Èmi ni mo dúró fún un." Ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ràódàt kò lè parí tirẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn ti tú ká, ó ku Àbẹ̀ní tó ń gbá èèpo ẹ̀gẹ́ jọ. Kò gbójú sókè.

"Ayọ̀, kọ tèmi náà. Ọkùnrin ni. Ọlábánjí. Ilé-Ogbó ni mo bí i sí, kí n tó wá bá Ìyá ní Ìwó."

Gbogbo ọdún tí a fi jọ gbé, n kò gbọ́ ọ rí. Ayọ̀nitèmi rọra béèrè pé ọjọ́ mélòó ló lò. Àbẹ̀ní dìde, ó ní gàrí òun ń jóná. Kò sí iná lábẹ́ agbada kankan. Nígbà tó padà wá, ohun tó sọ ni pé Ògúntóyè kò mọ̀, àwọn tó mọ̀ ti kú tán. Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́.

Ayọ̀nitèmi kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀, orúkọ ọmọ, iye ọjọ́. Ó ní òun kọ orúkọ kóun má bàa pààrọ̀ ẹnì kan mọ́ ẹnì kejì. Níbi iye ọjọ́ ọmọ Àbẹ̀ní, àyè náà ṣófo. Nígbà tó wá ní kí kọ̀ǹpútà pín gbogbo ọjọ́ náà dọ́gba kóun mọ iye tó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan, dípò kó mú iye wá, lẹ́tà méjì péré, N àti A, ló ń gbé jáde. Ó ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́tà méjì náà ni. Olùkọ́ wọn rìnrìn àjò.

Ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣàlàyé fún mi, tí àwọn tó ń lo irú ètò ìṣirò yẹn kárí ayé ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Wọn kò mọ ara wọn, wọn kì í gba nǹkan kan. Òfin wọn kan ni pé o kò ní kàn wá ké pé iṣẹ́ rẹ bà jẹ́, o gbọ́dọ̀ mú díẹ̀ wá nínú rẹ̀ kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ibi tó ti bà jẹ́. O lè fi orúkọ àgbélẹ̀rọ, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, dípò ti gidi. Ayọ̀nitèmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́ ló dà síbẹ̀ bó ṣe wà, ti Àbẹ̀ní sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bà jẹ́ ló sọ fún mi pé, "Màmá, mo rò pé òyìnbó ni gbogbo wọn. Ta ló mọ Olúpọ̀nnà níbẹ̀?"

N kò tíì fọ ìkòkò tán tí ọkùnrin kan láti ìlú òkèèrè fi dá a lóhùn. Ó ní àyè kan ló ṣófo, kọ̀ǹpútà kò lè ka ohun tí kò sí, kó pàṣẹ fún un kó yọ èyí tó ṣófo kúrò kó tó ka ìyókù. Ó kọ ọ́ fún un ní ìlà kan. Ayọ̀nitèmi tẹ̀ ẹ́, iye náà jáde, ó sì dì mọ́ mi. Mo gbàdúrà fún ọkùnrin náà, mo ní ọmọ tirẹ̀ náà á rí olùrànlọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bó bá jẹ́ orúkọ èèyàn gidi nìyí, kó tètè mú un kúrò. Ayọ̀nitèmi kò rí i. Ó ti rí ohun tó ń wá, kò padà síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, lẹ́tà méjì náà jáde sí Níyì, nítorí àgbẹ̀ kan tí kò rí iye àpò rẹ̀ sọ. Ó fi fóònù rẹ̀ wá ojútùú, ìbéèrè Ayọ̀nitèmi ló sì kọ́kọ́ bọ́ sí i lójú. Ó rí Olúpọ̀nnà, ó rí orúkọ bàbá rẹ̀, ó rí orúkọ ìyá tó tọ́ ọ. Orúkọ ọmọ ni kò mọ̀. Kò ro ibi, ó rò pé bàbá òun mọ̀ sí i. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun ló ti béèrè pé, "Bàbá, ta ní ń jẹ́ Ọlábánjí?"

Ògúntóyè kò na Àbẹ̀ní, kò pariwo. Ohun tó sọ, Níyì ló wá sọ ọ́ fún wa tòun ti ẹkún. Ó ní, "Ogún ọdún la jọ fi wá ọmọ, o kò sọ pé o ti bí rí. Kí ni mo tún fẹ́ gbà gbọ́ lẹ́nu rẹ?" Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, Àbẹ̀ní ti wà ní Ilé-Ogbó, nínú ilé bàbá rẹ̀ tí òjò ti ń jẹ.

Ayọ̀nitèmi yọ ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà la wọ kẹ̀kẹ́ akérò lọ bá Àbẹ̀ní. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ náà ti kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Àbẹ̀ní bu omi fún wa, ó jókòó. Ó wá kọjú sí Ayọ̀nitèmi.

"Àwọn tó rí orúkọ ọmọ mi níbẹ̀, kí ni wọ́n sọ nípa rẹ̀?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, mà."

"Gbogbo wọn?"

"Wọ́n ní àyè kan ṣófo. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò."

"O sì yọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àbẹ̀ní ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ọjọ́ kẹjọ la sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu, ó lá a. Ọjọ́ kẹsàn-án ló lọ. Kọ mẹ́sàn-án síbẹ̀. Ṣùgbọ́n yọ orúkọ tèmi."

Ayọ̀nitèmi kọ ọ́. Ó ní iye tó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan yí padà díẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú rẹ̀ mọ́, olùkọ́ rẹ̀ sì yìn ín gidigidi. Ọmọ náà kò lè yọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bẹ Ògúntóyè. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé àga fún mi, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀." Òótọ́ ni. Mo mọ̀, ojúlé rẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ ọ́n. N kò lè bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Níyì ń lọ sí Ilé-Ogbó ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ó ń se oúnjẹ fún Àbẹ̀ní. Èmi náà lọ ní Sátidé tó kọjá. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, tó ti roko ibẹ̀ mọ́ tónítóní, tó kọ ebè sí i, tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí èèyàn bá gbìn lónìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó hú u. Mo wo iye ebè tó kọ, n kò wá sọ ọ́ mọ́ pé kó bá mi padà sí Ìwó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń gé igi ẹ̀gẹ́, mo ń nà án sí i, ó ń gbà á.