Ìrìn Ìrọ̀lẹ́ Láìru Ẹrù

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Òde-Ayé àti ìyàwó rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí tí wọ́n ń rìn lásán. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á gba ọ̀nà Okitipupa lọ, wọ́n á sì padà láìra, láìtà. Ọmọọ̀dọ̀ ti ń se oúnjẹ dè wọ́n nílé. Èmi tí mò ń bá ìyá mi bó ẹ̀gẹ́, gbágùúdá tí a fi ń ṣe oúnjẹ púpurú, lójoojúmọ́, mo ní ìyẹn gan-an ni ìfẹ́.

Mo sọ fún àfẹ́sọ́nà mi, àgbẹ̀ ará Àyèká.

Ó họrí. "Ká rìn lọ síbo?"

"Ká ṣáà rìn ni. Bí ẹ ò bá lè bá mi rìn, n ò lè fẹ́ yín."

Ó gbà. A wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, a bọ́ sọ́nà láìmú àdá, láìru agbọ̀n. A ò tíì jìnnà tí obìnrin kan fi gbé igbá epo rẹ̀ kalẹ̀. "Mo gbé o! Ta ló kú?"

Àṣé olùkọ́ nìkan ló lè rìn lásán lójú wọn. Bí àgbẹ̀ bá múra dáadáa tó ń rìn lọ́wọ́ òfo nírọ̀lẹ́, ó ń lọ túfọ̀ ni. A ní kò sẹ́ni tó kú, wọn ò gbà. Nígbà tí a fi máa padà délé, ìyá mi ti káwọ́ lérí, àwọn Aládùúrà sì ti yí i ká, wọ́n ń gbàdúrà.

"Ọma mi, ṣé bàbá rẹ ni?"

Bàbá mi yọ lẹ́yìn wa tòun ti igi ìdáná lórí, ó ń bi wá ta ló kú. Ojú tì mí títí. Mo rò pé ọkùnrin náà kò ní padà wá mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé pẹ̀lú aṣọ oko. Ó gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ ìyá mi rù, ó na agbọ̀n òfìfo sí mi. "Ó yá, ká máa lọ."

"Síbo?"

"Ká ṣáà rìn ni."

Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí wa kú iṣẹ́. À ń dáhùn, à ń sọ̀rọ̀, à ń rẹ́rìn-ín. Òógùn bò ó, kò sọ ẹrù kalẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí dì í lọ́wọ́ mú.

Ìyá mi wo inú agbọ̀n nígbà tí a dé. "Ẹ̀gẹ́ tó lọ náà ló tún bọ̀ yìí?"

"Ó lọ gbatẹ́gùn ni, Ìyé," ọkọ mi dáhùn, ó mú ọ̀bẹ, ó jókòó tì mí, a sì jọ ń bó o.